Ta Ni Onídùúró? Ìfiwéra Ọ̀nà Márùn-ún Tí Oníṣòwò Kékeré Lè Gbà Rí Fíríláńsà

Ẹ̀lúbọ́ ni mo ń tà. Láti Ṣakí ni iṣu gbígbẹ ti ń wá, Ìbàdàn la ti ń lọ̀ ọ́, tí a ń jọ̀ ọ́, tí a ń dì í sínú ọ̀rá kílò kan àti kílò méjì. Èmi àti obìnrin mẹ́ta la ń ṣe é. Kò sí dìsáínà nínú wa, kò sí ẹni tó mọ ìwé ìṣirò owó kọ dáadáa, kò sì sí ẹni tó ráyè jókòó ti Instagram láàárọ̀ lálẹ́. Bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá yọjú, ìta ni mo máa ń gbé e lọ, fún àwọn tí a ń pè ní fíríláńsà: ẹni tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni púpọ̀, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹnì kankan.

Ọ̀nà márùn-ún ni mo ti gbà rí wọn. Ẹni tí ojúlùmọ̀ júwe wà níbẹ̀, ẹni tí mo fúnra mi rí lórí Instagram tàbí X wà níbẹ̀. Mo ti gba èèyàn lórí Upwork àti Fiverr, àwọn ìkànnì tí a ti ń rí fíríláńsà láti ibi gbogbo láyé, mo ti bá iléeṣẹ́ kékeré tó ní dìsáínà tirẹ̀ ṣe, mo sì ti gba ọmọ ilé-ìwé gíga tó ń ṣe IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí ilé-ìwé ń rán wọn lọ ṣe. Kò sí èyí tó burú nínú wọn. Ibi tí a ti ń ṣìnà ni pé iṣẹ́ tó yẹ ká gbé gba ọ̀nà kan, a gbé e gba òmíràn, nítorí pé owó ibẹ̀ dín.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ ni onídùúró. Bí ẹ bá lọ yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí wọ́n tó ka owó fún yín ni wọ́n á ti béèrè ẹni tó máa dúró fún yín. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè yẹn kí ẹ tó san àsansílẹ̀ fún fíríláńsà: bí ọmọ yìí bá gba owó tí kò gbé ìpè mọ́, ta ni mo máa lọ bá? Ọ̀nà márààrún yàtọ̀ síra nítorí pé onídùúró wọn yàtọ̀ síra.

Ìkejì ni iye tí iṣẹ́ náà máa ná yín bí ó bá bàjẹ́. Ní ọdún kejì òwò mi, ará ìjọ wa kan júwe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ dìsáìnì. Ó ya ọ̀rá ẹ̀lúbọ́ mi, ó rẹwà débi pé mo gbé e sórí státọ́ọ̀sì WhatsApp mi lọ́jọ́ náà. Mo gbé e lọ fún àwọn tó ń tẹ ọ̀rá. Ẹni tó bá ti tẹ ọ̀rá lọ́pọ̀ yanturu rí mọ̀ pé wọ́n á kọ́kọ́ gbẹ́ sílíńdà, sílíńdà kan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, oníbàárà ló sì ń sanwó rẹ̀. Àwọ̀ mẹ́rin ni tèmi. Ìgbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ tán ni mo tó rí i pé kò sí àyè fún nọ́ńbà báàṣì (nọ́ńbà tó ń fi àwọn tí a ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà hàn), kò sí àyè fún ọjọ́ tí a ṣe é àti ọjọ́ tí kò ní dára mọ́, bẹ́ẹ̀ NAFDAC kò gbà kí oúnjẹ inú ọ̀rá wà láìní wọn lára. Mo pe ọmọ náà. Ó ní, "Ẹ má bínú mà, ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ni mo kọ síbẹ̀." Òótọ́ ló sọ. Mi ò kọ ọ́ fún un, òun náà kò sì tíì ṣe ọ̀rá oúnjẹ rí. Owó sílíńdà tí a tún gbẹ́ fi ìlọ́po ìlọ́po ju owó dìsáìnì lọ.

Láti ìgbà náà, kí n tó wo owó tí fíríláńsà pè, mo máa ń wo owó tó tò sẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀. Àwòrán tí a gbé sórí Instagram lónìí tí a lè yọ lọ́la, bó bá bàjẹ́, a ó tún un ṣe. Ohun tó máa lọ sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tàbí síwájú ìjọba, ẹ má fi kọ́ ẹnikẹ́ni níṣẹ́.

Ìkẹta: ta ló ni iṣẹ́ náà lẹ́yìn tí a bá sanwó tán? Ọ̀pọ̀ wa gbà pé owó tí a san ti yanjú ìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ òfin àṣẹ-lórí-iṣẹ́ Nàìjíríà ti ọdún 2022, fíríláńsà tó ya lógò tàbí tó kọ ọ̀rọ̀ ló ni ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, àfi bí àdéhùn tí a kọ sílẹ̀ bá sọ pé ó ti di ti ẹni tó sanwó. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò ràn án. Ìlà méjì péré tó: pé gbàrà tí owó bá pé, gbogbo ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ yìí di ti lágbájá, àti pé fáìlì gidi tí a fi ṣe é máa wà lára ohun tí a ó kó lé e lọ́wọ́. Kí ẹ̀yin méjèèjì buwọ́ lù ú.

Òṣùwọ̀n kẹrin kò gùn. Ṣé ẹ̀ẹ̀kan ni iṣẹ́ náà, àbí ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni?

Ẹni tí ojúlùmọ̀ júwe

Onídùúró ibí ni ojú. Ọmọ tó mọ̀ pé ìyá òun àti ẹ̀yin jọ ń lọ sí ìpàdé kan náà kò ní sá lọ bọ̀rọ̀. Náírà lẹ máa san, tiransífà lásán ni, ẹ sì lè pín in sí méjì tàbí mẹ́ta. Ó tún mọ ìlú. Bí ẹ bá ní Ṣómólú ní Èkó lẹ ti fẹ́ tẹ káàdì, ó mọ irú fáìlì tí àwọn tó ń tẹ̀wé níbẹ̀ máa béèrè, kò ní fún yín ní àwọ̀ tó ń tàn lórí fóònù tí á wá ṣú lórí ìwé.

Ojú yìí kan náà ló ń ba ọ̀nà yìí jẹ́. Mo ti gba lógò tí kò tẹ́ mi lọ́rùn rí, torí pé ọmọ ọ̀rẹ́ mi ló yà á, mi ò sì lè wo ojú ìyá rẹ̀ kí n sọ pé mi ò fẹ́ ẹ. Ọdún kan àbọ̀ ni mo fi lò ó. Àti pé, bí èèyàn bá ń júwe ọmọ fún wa, ìwà rẹ̀ ló sábà máa ń júwe. "Ọmọ dáadáa ni, kì í purọ́." Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ṣé ó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí? Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ẹni tó júwe ni pé, "Kí ló ti bá ẹ̀yin fúnra yín ṣe? Ẹ jẹ́ kí n rí i." Bí kò bá ti bá òun ṣe nǹkan kan, kì í ṣe onídùúró, ó kàn ń bá ọmọ wá iṣẹ́ ni.

Àkókò náà wà níbẹ̀. "Ó ti ń parí lọ, mà" lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ dá ọjọ́, kí ẹ dá ọjọ́ kejì tó ṣáájú rẹ̀ tí ẹ máa rí ìlàjì iṣẹ́, kí ẹ sì béèrè bó ṣe ń ṣe bí kò bá sí iná. Ẹni tó ní inverter tàbí tó ní ibi tó ti ń lọ ṣiṣẹ́, ẹ lè gbára lé ọjọ́ tó dá.

Ẹni tí ẹ rí lórí Instagram tàbí X

Kò sí onídùúró níbí rárá, nítorí náà ẹ̀yin lẹ máa ṣe onídùúró ara yín. Iṣẹ́ tó wà lójú ìwé wọn lè jẹ́ ti ẹlòmíràn tí wọ́n jí gbé. Bí ẹ bá rí àwòrán ọ̀rá tàbí pátákó òwò kan tí ó ní òun ṣe, ẹ kọ ìwé sí òwò náà kí ẹ béèrè. Ẹ ní kó ṣí fáìlì náà kó ya fídíò bó ṣe ń tún nǹkan kan ṣe nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ òun ló ṣe é lóòótọ́, kò ní gbà á ní ìṣẹ́jú méjì. Kí orúkọ àkáǹtì tó fẹ́ kí ẹ sanwó sí bá orúkọ tó fi ń bá yín sọ̀rọ̀ mu. Kí ẹ kọ́kọ́ fún un ní iṣẹ́ kékeré kan, kí ẹ sì sanwó rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí a ń pè ní ìdánwò, tí a sì ń gbé lò lẹ́yìn náà, olè jíjà ni, ó ń dun àwọn ọmọ yìí gan-an.

Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ lè yan ọwọ́ tó wù yín kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, owó rẹ̀ sì lè dín ju gbogbo ìyókù lọ.

Upwork àti Fiverr

Owó tí wọ́n bá wa dì mú ni onídùúró níbí, ibí ló sì yẹ ká dúró pẹ́ díẹ̀, torí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ọ̀pọ̀ oníṣòwò láìnídìí, àwọn mìíràn sì ń sáré wọ ibẹ̀ láìmọ òfin rẹ̀.

Lórí Upwork, bí iṣẹ́ bá jẹ́ èyí tí a dá iye kan lé, ẹ máa kó owó náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn kí òṣìṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kò ní dé ọwọ́ rẹ̀ títí ẹ fi máa gba iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́, tí ẹ dákẹ́ fún ọjọ́ 14, owó á lọ bá a fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ oníwákàtí, ẹ̀rọ wọn á máa ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ẹ lè rí ohun tí ẹ ń sanwó fún. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ti Fiverr. Bí iṣẹ́ bá dé tí ẹ kò gbà á, tí ẹ kò sì ní kó tún un ṣe láàárín ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á kà á sí pé ẹ ti gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ná ọjà ìlú mìíràn, tí fóònù yín máa ń wà nínú báàgì látàárọ̀ dalẹ́, ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta yẹn sọ́kàn.

Ti ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́, ibí sàn fún ẹni tó sanwó. Àdéhùn Upwork fúnra rẹ̀ sọ pé bí owó bá ti pé, iṣẹ́ di tiyín, àfi bí ẹ bá jọ kọ àdéhùn mìíràn. Fiverr náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí ẹni tó ń ta iṣẹ́ kọ sílẹ̀ dáadáa, torí pé àwọn kan ń gba owó lọ́tọ̀ fún fáìlì gidi, àwọn kan sì ń gba owó lọ́tọ̀ kí ẹ tó lè lò ó fún ọjà títà.

Owó ńkọ́? Fiverr ń yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó òṣìṣẹ́, ó sì ń fi ìdá 5.5 lé e fún ẹni tó ń ra iṣẹ́, pẹ̀lú owó díẹ̀ mìíràn bí iṣẹ́ bá kéré. Iṣẹ́ dọ́là 50 máa di dọ́là 52.75 lọ́rùn yín, kí owó iṣẹ́ kékeré tó wọ̀ ọ́, dọ́là 40 ló sì máa dé ọwọ́ ẹni tó ṣe é. Bí ẹ bá ra dọ́là ní ₦1,500, ó ti sún mọ́ ₦80,000. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, tí dọ́là kò tíì tó ₦500 ní báńkì, owó yẹn kò tó ₦27,000. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn mọ́ pé kó lọ wá ẹni tó máa ya àwòrán Instagram lásán níbẹ̀. Káàdì náà tún wà. Ní òpin ọdún 2022, ọ̀pọ̀ báńkì dá káàdì náírà dúró lórí sísanwó sókè òkun, ní 2025 ni àwọn kan tún ṣí i, òdiwọ̀n sì wà lórí iye tí ẹ lè ná. Ẹ bi báńkì yín kí ẹ tó bá òṣìṣẹ́ dá ọjọ́.

Ìgbà wo ló wá tọ́? Ìgbà tí ìmọ̀ tí ẹ nílò kò bá sí nítòsí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Peckham ní London ní kí n máa kó ẹ̀lúbọ́ ránṣẹ́, ọ̀rá tí NAFDAC fọwọ́ sí kò tó fún ibẹ̀. Àwọn ará Britain ń fẹ́ àdírẹ́sì ẹni tó kó oúnjẹ náà wọlé sí UK lára ọ̀rá, wọ́n sì ní bí wọ́n ṣe ń fẹ́ kí á kọ ohun tó lè gbòdì lára èèyàn. Upwork ni mo ti rí obìnrin kan ní UK tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kíka ìwé ara oúnjẹ lọ. Owó rẹ̀ dùn mí, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la tẹ ọ̀rá yẹn.

Ohun kan kù. Bí ẹ bá rí ọmọ Ìbàdàn lórí Upwork, ọkàn yín máa sọ pé kí ẹ kàn fi tiransífà san owó fún un kí Upwork má baà jẹ níbẹ̀. Òfin wọn kò gbà á fún ọdún méjì lẹ́yìn tí ẹ pàdé níbẹ̀, àfi kí ẹ san owó ìyọ̀ǹda. Bí wọ́n bá mú un, àkáǹtì tí ọmọ náà fi ń jẹun lè lọ.

Iléeṣẹ́ kékeré

Orúkọ wọn ni onídùúró níbí. Ẹ lè lọ wò ó lórí ìkànnì CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, bóyá ó wà, ẹ mọ ọ́fíìsì wọn, wọ́n á sì fún yín ní ìwé àdéhùn àti rìsíìtì. Bí ẹnì kan bá ṣàìsàn tàbí tó jápa, ẹlòmíràn á tẹ̀ síwájú. Ẹ̀yin lẹ ń bá wọn san owó ilé àti epo jẹnẹrétọ̀, torí náà owó wọn ga, bí wọ́n bá sì ti forúkọ sílẹ̀ fún VAT (owó orí ọjà), ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún tún máa gun orí rẹ̀.

Àléébù tó dùn mí jù ni pé oníbàárà kékeré ló máa ń kẹ́yìn lórí ìlà. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ọ̀gá ni ẹ máa rí. Nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, ọmọ tó dé lánàá ló máa ṣe é. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ máa wà lórí iṣẹ́ yín gan-an, kí ẹ rí iṣẹ́ tirẹ̀, kí orúkọ náà sì wọ inú àdéhùn.

Ọmọ IT

Àwọn kan máa ní èyí kì í ṣe fíríláńsà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kó wà lórí àtẹ, torí pé iṣẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbé fún fíríláńsà, ọmọ IT lè ṣe é. Láti 1973 ni ITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìkọ́ṣẹ́, ti dá ètò SIWES tí a ń pè ní IT yìí sílẹ̀, kí àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga lè fi ọwọ́ kan iṣẹ́ kí wọ́n tó jáde. Oṣù mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ ọmọ yunifásítì máa ń lò. Ilé-ìwé rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin lẹ sì máa buwọ́ lu ìwé tó ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀ sí, nítorí náà onídùúró wà.

Ọmọbìnrin kan wá lọ́dọ̀ mi láti LAUTECH, kọ̀ǹpútà ló ń kọ́. Ó fi fóònù rẹ̀ ya àwòrán ọjà, ó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí Instagram, ó sì kó gbogbo ìwé gbèsè mi kúrò nínú ìwé àjákọ sínú Excel. Owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán ni mo ń fún un, pẹ̀lú nǹkan díẹ̀ lóṣooṣù. Ó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, àmọ́ títí di òní òun ló ń bójú tó Instagram wa láti ibẹ̀, ó ti di fíríláńsà mi, kò sì sí ẹni tó mọ ẹ̀lúbọ́ tó o nínú gbogbo àwọn tí mo ti sanwó fún.

Kí ẹ má gbé ọ̀rá títẹ̀ fún ọmọ IT. Kí ẹ má sì sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbé àpò. Àsìkò ẹ̀kọ́ rẹ̀ lẹ ń ná.

Kọ́kọ́rọ́ ilé

Ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà, ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń rán aṣọ gba ẹni tó ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì fún un. Ọmọ náà fi orúkọ ara rẹ̀ àti íméèlì ara rẹ̀ ra orúkọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì náà. Ọdún kejì tí owó rẹ̀ tún tó san, ọmọ ti rìnrìn àjò, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Orúkọ tó ti wà lára gbogbo káàdì àti báàgì ọ̀rẹ́ mi lọ bẹ́ẹ̀. Íméèlì yín ni kí wọ́n fi ra orúkọ ìkànnì, kí ìwé owó rẹ̀ sì máa wá sọ́dọ̀ yín. Facebook àti Instagram ń jẹ́ kí ẹ fi ẹlòmíràn sí ẹnu iṣẹ́ láti Meta Business Suite láìfún un ní páásíwọ́ọ̀dù, ẹ sì lè yọ ọ́ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Bí ẹ bá fẹ́ tẹ ọ̀rá, páálí tàbí ìwé ara ọjà, ẹ wá ẹni tí ojúlùmọ̀ tó ń tajà bíi tiyín júwe, tó sì ti ṣe irú rẹ̀ tó gba NAFDAC kọjá. Bí owó bá wà tí iṣẹ́ sì tóbi, ẹ gbé e fún iléeṣẹ́. Mi ò ní gbé e gba ọ̀nà mìíràn.

Bí ó bá jẹ́ ìmọ̀ tí kò sí nítòsí, tàbí ọjà tó ń lọ sókè òkun, Upwork ni. Fiverr dára fún iṣẹ́ kékeré tí ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ gan-an, tí ẹ sì lè kọ ọ́ ní ìlà márùn-ún.

Àwòrán ọdún, fídíò kékeré, ohun tó ń kọjá lọ: Instagram, pẹ̀lú iṣẹ́ ìdánwò tí ẹ sanwó rẹ̀.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́ tí kò lópin, tí owó kò sì tíì pọ̀ lọ́wọ́: ọmọ IT. Ẹ kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó bá a mu ní ilé-ìwé gíga tó sún mọ́ yín kí àwọn ọmọ tó jáde fún IT, torí pé bí wọ́n bá ti jáde tán, àwọn tó yára ti rí ibi gbà. Nínú lẹ́tà náà, ẹ kọ ohun tí ọmọ náà máa kọ́ lọ́dọ̀ yín ṣáájú ohun tó máa bá yín ṣe.